Gbèsè Tí A Jẹ Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kí á má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí a kò mọ ẹni tí yóò já sí i. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, kí ni kí á ti wí nípa kòtò tí kì í ṣe ìkà ló mú wọn gbẹ́ ẹ? Kòtò tó jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá, tí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn ju kànga lọ, tí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá, tí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ? Irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́dún yìí. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn bí ẹní mowó. Inú oko bàbá bàbá mi ló wà.

Ìrìn-àjò tí ẹgbẹ́ wa rìn lọ sí Òṣogbo ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun rí yóò jẹ́ mi lẹ́rìí pé bí a bá ti kọjá ẹnubodè báyìí, ó dà bí ẹni pé a bọ́ sí ayé mìíràn. Ariwo ọkọ̀ a rọlẹ̀, ooru títì a di òtútù, àwọn ọ̀bọ a sì máa fò láti orí igi kan dé òmíràn. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ojúbọ bí ogójì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ààfin méjì àti ère oríṣiríṣi lẹ́bàá odò. Ní ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ ààlà náà kí ó lè kó gbogbo igbó pọ̀. Ní ọdún 2005 ni UNESCO wá fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ìtàn ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè ọba àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti wá, nígbà tí àìrómi ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n dé etí Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi lulẹ̀, igi náà sì wó sínú odò, ó fọ́ àwọn ìkòkò aró ẹni tó ni ín. Ohùn ké jáde láti inú omi. Àdéhùn tí wọ́n wá bá odò ṣe ni pé kí wọ́n ṣí kúrò létí omi, kí wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún un, kí òun náà sì máa dáàbò bò wọ́n. Ẹ kíyè sí i o! Ìlú tó fi igi gígé àti ìkòkò fífọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tù ló san kó tó dúró. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ni pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ló ni àtúnṣe rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni igbó náà ti wà láìfarapa. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti ń wọmi. Àwọn ojúbọ ń wó, àwọn ọdẹ ń yìnbọn níbi tí èèwọ̀ wà, àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sódò. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan nínú rẹ̀, wọ́n ń gé igi ìbílẹ̀, wọ́n ń gbin tíìkì. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní ọdún 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló bá àwọn olùbọ kọ́wọ̀ọ́ rìn. Òun àti àwọn oníṣẹ́-ọnà bí Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé ló tún àwọn ojúbọ mọ, tí wọ́n sì fi ère yí igbó náà ká bí ẹní mọ odi. Àdùnní kú sí Òṣogbo ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n igbó ń bẹ láàyè. Ohun tó ti ń bàjẹ́ lọ ni wọ́n tún ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn títí n ó fi padà sí i.

Nígbà tí a dé etí odò, ìdùnnú wa rọ̀. Omi tí à ń gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń mu fún ọmọ àti fún àlàáfíà, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ní ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùbọ pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ wo ìyẹn: a ti dáàbò bo igi, a ti dáàbò bo ère, a ti kọ orúkọ igbó sínú ìwé àgbáyé, omi tó tìtorí rẹ̀ di igbó ọ̀wọ̀ kò ṣeé mu mọ́!

Ìyá àgbà kan dúró létí omi pẹ̀lú kèrègbè lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ìyá. Ìtòsí Iléṣà ni abà wa wà."

Ó wo omi, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lókè odò. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wa ni à ń gbà."

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù wọ ọkọ̀ padà sí yunifásítì lọ́jọ́ kejì, èmi wọ ọkọ̀ Iléṣà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa. Wúrà ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ìgbà ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á ní agbègbè bí Ìtagunmódì àti Ìpẹ̀rìndó. Ní ọdún 2021, kùsà ńlá ti Ṣẹ́gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde, òun sì ni kùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tó fọ́n ká inú oko pọ̀ púpọ̀. Bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyí: wọn a gé igi, wọn a hú ilẹ̀ títí wọn yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́ tí wúrà sá pamọ́ sí, wọn a fi ẹ̀rọ fa omi láti inú odò, wọn a fi fọ òkúta náà. Wúrà a rì sílẹ̀ nítorí ó wúwo. Amọ̀ àti ẹrẹ̀ a bá omi lọ. Odò kékeré a gbé e fún odò ńlá. Àwọn mìíràn a tún máa lo mẹ́kúrì, ohun olóró, láti fi kó wúrà jọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wádìí ọ̀rọ̀ omi Ọ̀ṣun, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n nàka sí.

Oko kòkó ni oko bàbá bàbá mi. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pín in. Kòkó ti darúgbó, owó rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, àwọn kan sì dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ odò ni àwọn fẹ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìwé àṣẹ. Bàbá mi àti àwọn arákùnrin rẹ̀ gbà. Ẹ̀rùn méjì péré ni àwọn ènìyàn náà lò. Nígbà tí mo tún fojú kan ibẹ̀, n kò mọ ibi tí mo ti ń ṣa kòkó nígbà tí mo wà lọ́mọdé mọ́. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ funfun níhìn-ín, kòtò omi lọ́hùn-ún, kò sí koríko, kò sí ẹyẹ. Ewúrẹ́ méjì ló ti rì síbẹ̀. Ẹ̀fọn nìkan ló ń jèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Èmi náà jẹ nínú owó náà. Òun ni wọ́n fi san owó ilé-ìwé mi ní ọdún kìíní, òun ni mo fi ra ìwé tí mo fi ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá. Nítorí náà, bí mo bá ń pe onígbèsè lónìí, orúkọ tèmi ni kí á kọ́kọ́ pè.

Àbúrò bàbá mi, tí àwa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló mú mi rìn lọ́jọ́ náà. Bí a ti ń padà bọ̀, ó ní kí á ya ibì kan. A la igbó kọjá, a sì dé etí adágún kan tí igi yí ká. Òṣíbàtà bo apá kan omi. Ẹ̀gà kọ́ ilé rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń pariwo bí ọjà alẹ́. Lékelèké dúró lẹ́sẹ̀ kan. Nínú ẹrẹ̀ etí omi, Bàbá Kékeré fi ọ̀pá nàka sí ipa ẹsẹ̀ kékeré kan, ó ní, "Ẹtu ni. Àná ló kọjá."

Mo ní, "Bàbá, adágún wo nìyí?"

Ó ní, "Adágún kẹ̀? Kòtò ni. Kí a tó gba òmìnira ni wọ́n ti wa wúrà níbí. Kòtò òyìnbó ni bàbá wa ń pè é."

Ẹnu yà mí. Kòtò ni èyí, kòtò sì ni tiwa! Mo bi í léèrè ohun tó fà á tí èyí fi di igbó tí tiwa fi di aṣálẹ̀. Ó ní ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ ti àtijọ́, kò fẹ̀ púpọ̀, igbó sì wà ní gbogbo àyíká rẹ̀ tí èso lè bọ́ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kátapílà ló gbẹ́ tiwa. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, tí irúgbìn ń jẹ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ hú, wọ́n sì da òkúta àti yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ó ní, "Wọ́n dojú ilẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, báwo ni yóò ṣe mí?" Bàbá Kékeré kò ka ìwé kọjá mẹ́fà, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ẹ̀kọ́ tó yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà sí yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá ibì kan wà láyé tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ kòtò di igbó, láìdúró de ọdún ọgọ́ta tàbí àádọ́rin. Mo rí i pé ó wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń wa òkúta funfun bí ẹfun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì tipẹ́, wọ́n sì ti sọ púpọ̀ nínú kòtò rẹ̀ di ibi ìdáàbòbò ẹyẹ àti ewéko. Ọ̀kan ni College Lake ní agbègbè Buckinghamshire: kòtò ẹfun ni tẹ́lẹ̀, adágún ẹyẹ ni lónìí, tọmọdé tàgbà ń lọ wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Òyìnbó nìyẹn, wọ́n lówó." Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wo Áfíríkà tiwa. Lẹ́bàá Mombasa ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Bamburi bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tó fi di 1971, ibẹ̀ ti di àpáta gbígbẹ tí oòrùn ń jó. Ọ̀gbẹ́ni René Haller, onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbin irú igi 26 sí i. Díẹ̀ péré ló yè. Èyí tó yege jù ni kasuarína, igi tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ewé náà le, kì í tètè jẹrà. Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀kùn ni wọ́n kó wá! Ọ̀kùn tí àwa ń gbá dànù lójúde, òun ló ń jẹ ewé náà, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ilẹ̀ dé, igi mìíràn hù. Igi hù, ẹyẹ dé. Ní ọdún 1984 wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Lónìí, Haller Park ni orúkọ rẹ̀, àgùnfọn àti erinmi ń gbé níbi tí kò sí ju òkúta lọ. Láti 1971 dé 1984, ọdún mẹ́tàlá ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò tí ì parí ilé-ìwé girama!

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kòtò kì í ṣe òpin ilẹ̀, bí ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀ bá san án. Ìmọ̀ tí a nílò kò sì jìnnà. Òṣogbo ti fi hàn wá bí a ti í pa igbó mọ́ àti bí a ti í tún un ṣe nígbà tó bá farapa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló kù kí ó kọ́ ọ. Bí a kò bá sì tún ti òkè odò ṣe, asán ni gbogbo ààbò tó wà nísàlẹ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wa wúrà, kí á má gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. N kò sọ pé kí á má wa wúrà. Mo ń sọ pé kí ẹni tó bá wà á dí ojú rẹ̀. Oko kòkó bọ́ bàbá bàbá mi, ó bọ́ bàbá mi, ó kù díẹ̀ kí ó bọ́ èmi náà. Wúrà bọ́ wa fún ẹ̀rùn méjì. Nínú oúnjẹ méjèèjì, èwo ni a gbà lẹ́nu ta ni?

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Òótọ́ ni pé òfin wà. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Ó sì sọ pé kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó máa dá owó àtúnṣe sínú àpò kan tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ rárá, àpò wo ni yóò dá owó sí? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹbí tó ni ilẹ̀, tó kan baálẹ̀, tó sì kan ọba.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà láàárín wa, ẹ mọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, ará Ìjẹ̀ṣà a dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a lóṣòó síbẹ̀, a ní òun kò ní í jókòó, òun kò sì ní í kúrò, títí òun yóò fi gba owó òun. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di orúkọ mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n owó wọn kò sọnù. Lónìí, ilẹ̀ ló ta wúrà láwìn. Ọjọ́ owó ti pé, ilẹ̀ kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò bá a lóṣòó?

Èrò tèmi nìyí. Kí ẹbí kankan má gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láàyè lórí ilẹ̀ wọn. Bí ó bá tilẹ̀ ní in, kí wọ́n gba owó ìdíkòtò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, kí owó náà wà níwájú ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún un lọ́jọ́ tí ó bá dí kòtò tán. Kí wọ́n kó ilẹ̀ dúdú sọ́tọ̀ kí ó lè jẹ́ òun ni wọn yóò dà sókè níkẹyìn. Kòtò tó bá ti jìn kọjá dídí, kí wọ́n jẹ́ kí ó di adágún, kí wọ́n gbin igi ìbílẹ̀ yí i ká: ayùnrẹ́ tó máa ń sọ ilẹ̀ jí, lẹ́yìn náà arère, araba àti ìrókò. Kí ọba wá fi èèwọ̀ sí i bí ti Òṣogbo. Obafemi Awolowo University wà ní Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì wà ní Òṣogbo, Iléṣà náà ti ní tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ ìwádìí wo ló tún sún mọ́lé ju èyí lọ?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ńkọ́? Ẹ má sọ pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. À ń kọ́ ìjálá ní kíláàsì, a mọ oríkì ẹtu, a mọ oríkì àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú kan ipa ẹsẹ̀ ẹtu rí? Èmi kò rí i títí Bàbá Kékeré fi fi ọ̀pá nàka sí i. Bí igbó bá tán, ọ̀rọ̀ inú ìjálá yóò di ọ̀rọ̀ tí à ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ orúkọ igi, ewé àti ẹyẹ ni àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ abà wa ṣì mọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Ẹ jẹ́ kí á lọ kọ wọ́n sílẹ̀, kí á sì gbin igi tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo padà sí abà. Mo ní kí á bẹ̀rẹ̀ lára kòtò tiwa. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ìwé tí o kà ni o fẹ́ fi dí i?" Síbẹ̀, ó gbé ọkọ́ tẹ̀ lé mi. Èmi, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó ilẹ̀ dúdú láti inú igbó, a dà á sí ojú ihò, a gbin ogún igi. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn kẹ́yìn, méjìlá ti kú, mẹ́jọ ṣì dúró. Mẹ́jọ kò tó nǹkan lójú gbèsè tí mo jẹ, ṣùgbọ́n onígbèsè tó ń san díẹ̀díẹ̀ kì í sá fún ẹni tó yá a lówó.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa, bí a bá tún ń lọ sí Òṣogbo lọ́dún tó ń bọ̀, kí ọkọ̀ wa má dúró síbẹ̀. Kí ó gbé wa dé òkè odò, kí olúkúlùkù mú ọkọ́ àti irúgbìn kan lọ́wọ́. Ìyá àgbà yẹn ṣì ń wá pọn omi. Mo fẹ́ kí ohun tí a ó fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kan jẹ́ omi tó mọ́.